Sùlíyá Eléwé àti Igbó tí A Gbá

Bí ẹ bá ti jẹ mọ́ínmọ́ín eléwé rí ní agbègbè Agége láti bí ọgbọ̀n ọdún wá, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ Sùlíyá ti kan oúnjẹ yín. Kì í ṣe òun ló ń sè é. Òun ló ń já ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n ọn. Ẹ̀yìn ilé wa ló ti ń já a, nínú igbó kékeré kan tó wà láàárín ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike àti ògiri mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó bá ń gba títì kọjá kò ní mọ̀ pé igbó wà níbẹ̀, àfi tó bá gbọ́ ohùn ẹyẹ.

Orúkọ tèmi ni Abdulazeez Dàwódù. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá sì ti ṣiṣẹ́ sítọ́ọ̀ rí á mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Mi ò fẹ́ kí nǹkan wà níbi tí kò yẹ kó wà. Ìgbálẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú ilé mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tó bá fi ti pálọ̀ gbá ẹ̀yìnkùlé á gbọ́ ẹnu mi. Mo ń sọ èyí ṣáájú nítorí pé ìtàn Sùlíyá ni mo fẹ́ sọ, ìtìjú tèmi sì wà nínú rẹ̀.

Àwọn bàbá wa ló gbin obì síbẹ̀. Nígbà kan, obì ni gbogbo ayé fi mọ Agége, àwọn oníṣòwò máa ń ti Òkè Ọya wá rà á, wọ́n á fi reluwé kó o lọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ẹbí wa ta oko náà díẹ̀díẹ̀, mi ò ní parọ́, a jẹ ẹ́. Ó wá ku nǹkan bí éékà mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò rà, nítorí pé ìsun omi wà láàárín rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì rọ̀. A ò ro ó mọ́. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún, oko ti di igbó: igi obì ga, ìrókò mélòó kan hù láàárín wọn, ewé eéran sì bo gbogbo ìsàlẹ̀. Àwa tá a ni ín gbàgbé rẹ̀. Àwọn ayálégbé wa ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó titun ni Sùlíyá nígbà tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Káfíńtà ni ọkọ náà. Bàbá mi ló fún wọn ní yàrá ẹ̀yìn, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igbó. Ọmọ wọn, Àbdùlgàfár, kò tíì wọ ilé ìwé nígbà tí ọkọ náà kú, òun ló sì fi ń jẹ́ Ìyá Gàfárù títí dòní. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, tó ń já ewé nínú igbó náà nígbà yẹn, ló mú un lọ́wọ́ wọlé. Ìyá náà padà sílé rẹ̀ nígbà tó yá, Sùlíyá ló kù, ewé yìí ló sì fi tọ́ ọmọ rẹ̀ títí ọmọ fi di ẹni tó ń wa ọkọ̀ fún ọ̀gá kan ní Ìkẹjà GRA.

Ó kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ máa ń ta èèyàn. Láràárọ̀ tí oòrùn bá ti yọ, á dúró sétí igbó, á ní, "Salaamu alaykum," kó tó wọlé. Mo bi í lọ́jọ́ kan láti ojú fèrèsé mi pé, "Ìyá Gàfárù, ta ló ń dá yín lóhùn níbẹ̀ yẹn?" Kò tilẹ̀ yíjú padà. Ó ní, "Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ni, Alàájì." Mo rẹ́rìn-ín, mo lọ mu tíì mi.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo wá wò ó níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí ewé eéran kan lè ní ewé méje tàbí mẹ́jọ. Sùlíyá kì í já ju méjì lọ. Èyí tó ṣì ká jọ, tí kò tíì ṣí, ọmọ ni, kì í fọwọ́ kàn án. Ibi tó bá ti já lónìí, á fi igi tín-ín-rín kan gúnlẹ̀ síbẹ̀, ó di oṣù tó ń bọ̀ kó tó padà síbẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́rin mìíràn tó ń já ewé níbẹ̀ ń tẹ̀ lé òfin rẹ̀. Èyí tó bá já ọmọ ewé, Sùlíyá ò ní kí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bẹ́ẹ̀ ni igbó náà ṣe ní òfin, ó ní alákòóso, ó ní ìjìyà, àwa onílẹ̀ ò sì mọ nǹkan kan.

Lọ́dún tó kọjá lọ́hùn-ún ni ilé iṣẹ́ ike yẹn kọ̀wé sí ìjọba pé àwọn fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe ibi tí tírélà àwọn á máa dúró sí. Kì í ṣe pé wọ́n hùwà burúkú o, tírélà wọn ti dí títì wa pa, gbogbo wa là ń ráhùn. Ìjọba ló láṣẹ lórí ilẹ̀ tó bá ní ìsun omi, wọ́n wá kọ̀wé sí wa pé bí ará àdúgbò bá lè fi hàn pé àwọn fúnra wọn lè bójú tó igbó náà, kí igbó máa jẹ́ tiwọn. Bí wọn ò bá lè ṣe é, kí tírélà wọlé. Òṣìṣẹ́ kan á wá wò ó ní oṣù kẹrin.

Ọ̀rọ̀ yẹn ta wá jí. Àwa tí a ò wọ igbó yẹn fún ogún ọdún, gbogbo wa wá fẹ́ràn rẹ̀ lójijì. A gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ nílé Bàbá Sànyà, tí wọ́n dàgbà jù láàárín àwa lánlọ́ọ̀dù. Wọ́n fi Bàbá Sànyà ṣe alága, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé. Mẹ́sàn-án ni wá, lánlọ́ọ̀dù ni gbogbo wa. Àǹtí Ìbísọ́lá nìkan ni obìnrin, nítorí ilé mẹ́ta tí wọ́n fi ń gba ayálégbé. Àǹtí Ìbísọ́lá yìí ló sọ pé, "Ṣé ẹ ò ní pe Ìyá Gàfárù ni? Òun ló mà wà níbẹ̀ lójoojúmọ́."

Mo ní, "Ayálégbé? Ẹni tó lè kó ẹrù rẹ̀ lọ́la? Ẹ jọ̀ọ́, àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ń ríran."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi, mo ṣì rántí bó ṣe dùn mọ́ mi tó.

Èmi náà ni mo mú àbá wá. Mo bi wọ́n pé kí ni ìjọba máa ń fẹ́ rí? Ìmọ́tótó ni. Ṣebí gbogbo wa la dàgbà sínú Sátidé ìmọ́tótó, tí a máa ń gbá iwájú ilé, tí a máa ń kó gọ́tà, kí wọ́n má baà wá mú wa. Igbó yìí dọ̀tí. Ewé gbígbẹ ti ga dé ọrùn ẹsẹ̀, igi jíjẹrà wà káàkiri, koríko àti ọmọ igi wẹẹrẹ kò jẹ́ kí èèyàn rí iwájú. Ẹ jẹ́ ká gbá a kó mọ́. Bàbá Sànyà pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, o ò ṣe bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ yìí?"

Sùlíyá gbọ́. Ní Sátidé àkọ́kọ́, bí a ṣe ń pín ìgbálẹ̀ àti réèkì ní àgbàlá Bàbá Sànyà, ó wá dúró sí ẹnu géètì. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì dìde. Ó ní, "Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá a. Aṣọ rẹ̀ ni ewé yẹn."

Mo ní, "Ìyá Gàfárù, ìpàdé lánlọ́ọ̀dù lèyí o."

Ó wò mí, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì lọ.

Sátidé mẹ́rin la fi gbá igbó náà nínú oṣù kọkànlá. Ẹ ò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. A ṣán gbogbo igi wẹẹrẹ, a hú ìdí ewé eéran tó dí ọ̀nà, a ro ẹ̀bá ìsun omi yí ká, a gbá ewé gbígbẹ títí ilẹ̀ pupa fi yọ. Mo wá rántí pé ní Ìkẹjà GRA, wọ́n máa ń kun ìdí igi iwájú ilé ní funfun. Mo ra ọ̀dà funfun, a sì kun gbogbo igi obì dé ìbàdí. Lẹ́yìn náà ni a gbé géètì onírin síbẹ̀, mo fi àgádágodo sí i, kọ́kọ́rọ́ ń bẹ nínú àpò mi. A kọ "Ẹ MÁ WỌLÉ" sára pátákó. Lọ́jọ́ tí a parí, mo dúró lẹ́nu géètì yẹn, inú mi dùn, mo sì wí lọ́kàn ara mi pé, báyìí ló ṣe yẹ kí igbó rí.

A kó ewé náà sínú àpò, a tò ó sí ẹ̀bá títì de ọkọ̀ akólẹ̀. Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò sí ewé mọ́ lẹ́bàá títì. Ẹ̀yìn ilé mi ló wà. Sùlíyá ti bẹ àwọn tó ń ti ọmọlanke, wọ́n sì bá a kó gbogbo rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fèrèsé.

Mo pariwo, "Kí lèyí?"

"Ewé ni, Alàájì."

"Mo mọ̀ pé ewé ni. Kí ló ń ṣe nínú ilé mi?"

"Ó ń sinmi ni."

Inú bí mi gan-an. Ohun tí mo ti kó dànù, ẹnì kan kó o padà wá síbi tí mo ń sùn! Mo ní eku á wọ̀ ọ́, aáyán á wọ̀ ọ́. Mo ní kó kó o jáde kó tó di Jímọ̀. Nígbà tí Jímọ̀ kọjá tí àpò ṣì wà níbẹ̀, mo mú bébà, mo kọ nótíìsì oṣù mẹ́fà fún un pé kó kó jáde nílé mi. Mo fún ìwé náà ní nọ́ńbà, bí a ti ń ṣe ní sítọ́ọ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìwé kà, ló bá ní kí n bá òun kà á. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan nọ́ńbà. Ó ní, "Mo gbọ́." Ó ká a, ó fi sínú ìgbátí ìró rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni ìyàwó mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ọyẹ́ dé, ó lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn mú. Ilẹ̀ tí a gbá le gbagidi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ìsun omi tí kò gbẹ rí láti ìgbà bàbá mi wá di ẹ̀kán-ẹ̀kán. Ewé eéran tó ṣẹ́ kù rọ, ó sì gbẹ. Mo ń sọ fún ara mi pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Àwọn obìnrin tó ń já ewé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ra ewé ní ọ̀nà Ìfọ̀, Sùlíyá náà ń bá wọn lọ, kò sì bá mi wí nǹkan kan ju "Ẹ káàárọ̀, Alàájì" lọ.

Ní oṣù kẹta ni òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Kò sí ohun tó dá omi náà dúró. Ó kó ilẹ̀, ó gba abẹ́ ògiri kọjá, ó wọ mọ́ṣáláṣí lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ sì ni! Ẹní ìkírun gbogbo di ẹrẹ̀, lèmọ́mù ní láti kírun níta. Nígbà tí mo ṣí àgádágodo tí mo wọ igbó, mo rí i pé omi ti gbẹ́ ìdí igi obì tó dàgbà jù níbẹ̀, èyí tí bàbá bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ó ti wó. Gbòǹgbò rẹ̀ kọjú sókè, ọ̀dà funfun tí mo kùn ún sì wà lára rẹ̀ bí aṣọ òkú. Mo jókòó tì í. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn títí, èmi nìkan ni mo rí.

Òṣìṣẹ́ ìjọba dé ní oṣù kẹrin bí wọ́n ti wí. Ọmọbìnrin kan ni, Moyọ̀sọ́lá ni orúkọ rẹ̀, kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Ó wọ bàtà òjò, ó kí wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka ha ilẹ̀, ilẹ̀ ò ha. Ó béèrè pé, "Ẹ má bínú, sà, ta ló gbá a?"

Bàbá Sànyà fẹ àyà. "Àwa ni. Gbogbo wa ni."

Ó dìde, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo rí i pé ẹ ṣiṣẹ́. Àmọ́ àgbàlá lẹ ní báyìí, kì í ṣe igbó. Igi àgbà nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ọmọ igi kankan. Bí àwọn àgbà yìí bá lọ tán, kí ló kù?" Ó ní bí òun bá fẹ́, òun lè kọ ọ́ lónìí pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n òun á padà wá ní Túsìdeè kejì oṣù kẹwàá. Kí a má ṣe ra igi wá gbìn, torí òun ò ní ka èyí tí a bá fọwọ́ gbìn. Èyí tó bá hù fúnra rẹ̀ lòun á kà. Bí òun ò bá rí ọmọ obì kan ṣoṣo tó hù fúnra rẹ̀, ohun tí òun bá rí lòun á kọ, kí tírélà sì máa bọ̀.

Bó ti fẹ́ wọ ọkọ̀, ó yíjú padà. "Ewé tí ẹ gbá yẹn, níbo lẹ kó o sí?"

Gbogbo wọn ń wojú ara wọn. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Mo ṣí fìlà lórí, mo lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Mo bá Sùlíyá lórí àpótí, ó ń bu omi sínú garawa ọ̀dà àtijọ́. Garawa méjìlá ni mo kà lẹ́yìn àpò wọ̀nyẹn, ewé eéran tútù ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti ṣa ìdí ewé tí a hú dànù, ó sì ti gbìn ín. Ọ̀pọ̀ ti kú, èyí tó yè ló wà níbẹ̀. Ó tú ẹnu àpò kan, ó ní kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ tutù, ó dúdú, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ọwọ́ mi kan nǹkan líle. Obì ni, obì tó já sílẹ̀ fúnra rẹ̀ tí a gbá mọ́ ewé. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wọ́n omi sí àpò mẹ́tàlélógún yẹn, èmi sì ń bú u nítorí aáyán.

Mo ní, "Ìyá Gàfárù, mo ṣi iṣẹ́ ṣe. Ẹ má bínú."

Ó ní, "Ìyẹn kọ́. Èyí tẹ́ ẹ sọ nípàdé."

Mo mọ èyí tó ń wí. Ta ló sọ fún un, mi ò béèrè. Ó bi mí pé, "Ṣé àlejò ń ríran?"

"Ó ń ríran. Èmi ni mi ò ríran."

Ó mi orí. Mo ní kó fún mi ní ìwé yẹn kí n fà á ya. Ó ní, "Rárá o, Alàájì. Èyí tí a fẹ́ ṣe yìí, ti igbó ni, a ó jọ ṣe é. Tèmi pẹ̀lú yín, lọ́tọ̀ nìyẹn."

Ó sọ ohun tó fẹ́: kí a yọ àgádágodo kúrò, kí àwọn obìnrin tó ń já ewé máa jókòó nípàdé, kí ẹnikẹ́ni má sì mú ìgbálẹ̀ kọjá ẹnu géètì. Mo lọ jíṣẹ́ fún ìgbìmọ̀. Bàbá Sànyà kọ́kọ́ kùn, Àǹtí Ìbísọ́lá ní, "Bàbá, ṣé tírélà lẹ fẹ́ ni?" Wọ́n bá gbà.

A dá ewé padà kí òjò ńlá tó dé. Ó to igi jíjẹrà dábùú ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀, kí omi lè máa dúró mí. Ó kó garawa rẹ̀ jáde, ó gbin ìdí eéran sí ẹ̀bá ìsun. Lánlọ́ọ̀dù mẹ́sàn-án bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ tú ewé ká, ayálégbé ń darí wọn. Ìyà jẹ mí ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé bí mo bá ti da ewé sílẹ̀, ọwọ́ mi á ti máa tò ó kó tẹ́jú. Sùlíyá á kígbe látọ̀ọ́kán pé, "Alàájì, ẹ má tò ó! Ẹ jẹ́ kó ṣubú bó ṣe fẹ́." Nígbà tó rí i pé mi ò lè jáwọ́, ó fún mi ní iṣẹ́ tèmi: kí n máa ṣa náílọ̀n àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí afẹ́fẹ́ ń gbé wọlé. Ó ní ìyẹn nìkan ni kí n máa gbá. Iṣẹ́ náà wù mí, mò ń ṣe é dòní.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, lọ́jọ́ tí nótíìsì yẹn pé, mo rí ọmọlanke lẹ́yìn ilé. Sùlíyá ń kó ẹrù. Àǹtí Ìbísọ́lá ti fún un ní yàrá kan ní òpópónà kejì. Mo bẹ̀ ẹ́, ìyàwó mi bẹ̀ ẹ́, mo ní ta ló ń rántí ìwé yẹn mọ́? Ó di ìborùn rẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Èmi ń rántí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kà á fún mi." Kò pariwo, kò sì sunkún. Ó kí ìyàwó mi pé ó dàárọ̀, ó sì tẹ̀ lé ẹrù rẹ̀. Èmi ni mo sunkún, nígbà tí mo wọ yàrá tó ṣófo, tí mo sì rí i pé ó ti gbá a mọ́ tónítóní.

Ní oṣù kẹjọ, ewé eéran ti bo ẹ̀bá ìsun padà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ la fi gbìn ín, wọn ò ní kà á. Obì la ń wá. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń wọlé lọ wò, mi ò rí nǹkan kan. Obì kì í kánjú hù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ ń lọ. Oṣù kẹsàn-án parí. Mo bi Sùlíyá nínú igbó pé, ṣé ó ti rí nǹkan? Ó ní kí n ṣe sùúrù.

Túsìdeè yẹn pé. Mo ti wà nínú igbó kí oòrùn tó ga, mo wọ awò ojú, mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Aago mẹ́wàá ni Moyọ̀sọ́lá fẹ́ dé. Tírélà mẹ́ta ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mò ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì wọn. Mo wá ìdí igi, mo wá ẹ̀bá ìsun, mo wá ibi tí igi bàbá bàbá mi wó sí. Ewé gbígbẹ nìkan ni. Mo tún padà sí ìdí igi àkọ́kọ́. Mo rò ó pé báyìí ni obì Agége ṣe fẹ́ tán, lọ́wọ́ akọ̀wé kan tó fẹ́ràn ìgbálẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà. "Salaamu alaykum."

Mo ní, "Wa alaykumu s-salaam."

Ó dúró gbọ̀n-ín. Láti ọgbọ̀n ọdún, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn rí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń bọ̀ láàárín igi. Mo dìde dúró. Mo ní, "Ìyá Gàfárù, mi ò rí ẹyọ kan o. A ti kú."

Ó ní, "Ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ má mira."

Ejò ni mo rò. Ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, jẹ́ẹ́jẹ́. Mo gbé e. Lábẹ́ sálúbàtà mi, láàárín ewé gbígbẹ, ọ̀mùnú kan tẹ̀ síbẹ̀, ó ní ewé méjì péré, ó pupa rúsúrúsú. Ó rọra gbérí padà. Sùlíyá bẹ̀rẹ̀, ó fi igi tín-ín-rín gúnlẹ̀ tì í.

Ó ní, "Ewé tútù lẹ̀ ń wá, àbí? Ọmọ obì kì í ti inú ilẹ̀ jáde ní tútù. Pupa ló fi ń jáde, bí ewé tó kú. Méjì tún wà lẹ́yìn yín, ẹ rọra yí padà."

Ó ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, bí òun bá sọ fún mi, màá ti gbá àyíká rẹ̀ kó lè hàn. Mi ò jiyàn, torí òótọ́ ni.

Igi tín-ín-rín mẹ́tàdínlógún la ti gúnlẹ̀ kí Moyọ̀sọ́lá tó dé. Ó bẹ̀rẹ̀ tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà wọ́n, ó tún wọn kà. Ó kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kí àwọn tírélà máa lọ, igbó ti di ti àdúgbò. Bàbá Sànyà, tí wọ́n jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ló kígbe, "Alhamdulilahi!", ni àwọn fúnra wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Moyọ̀sọ́lá mú fọ́ọ̀mù kan jáde, ó ní kí akọ̀wé kọ orúkọ alábòójútó igbó síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò mí, kò sẹ́ni tó wo alága. Mo kọ ọ́: Sùlíyá, tí a mọ̀ sí Ìyá Gàfárù.

Ìlà tó tẹ̀ lé e ni ti àdírẹ́sì. Ọwọ́ mi ti kọ nọ́ńbà ilé mi kí n tó rántí. Sùlíyá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò mọ ìwé kà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà ilé tó gbé fún ọgbọ̀n ọdún. Mo fa ìlà lé e lórí. Mo kọ ti ilé Àǹtí Ìbísọ́lá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì fi fọ́ọ̀mù náà lé e lọ́wọ́ kó tẹ̀ka sí i.